Ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu aboyún: ẹ yé é fẹ̀sùn kan ìyá ọkọ, èrìgì ló ń wú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn obìnrin kì í sọ síta, àfi kí wọ́n máa sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìnkùlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orogún, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹnu tí wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ wọn, tí wọ́n fi ń pe oníbàárà lọ́jà, òun ló ń ṣẹ̀jẹ̀, òun ló ń wú, òun náà ló tún ń rùn. Bó bá wá jẹ́ pé oyún wà níkùn obìnrin ọ̀hún, wàhálà dé nìyẹn. Ìyá kan á ní ayé ló ń bá a jà, èkejì á ní wọ́n fún un lóúnjẹ jẹ lójú àlá, ẹ̀kẹta á ní ọmọ inú ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ léyín. Ẹni tó máa sọ pé kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ẹ ò ní tètè rí i.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyàwó ilé kan ní Òmù-Àrán, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Oyún oṣù márùn-ún wà níkùn ẹ̀. Ó jí láàárọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, itọ́ tó tu sílẹ̀ pupa bí omi osùn. Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí i. Ló bá pa búrọ́ọ̀ṣì tì, ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ òun fẹ́ẹ́ lò kọ́ lòun máa tu dànù sínú gọ́tà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èrìgì ti wú, ó ti pọ́n, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ìyá ọkọ ẹ̀ sún mọ́ ọn láti bá a sọ̀rọ̀, màmá náà fọwọ́ bo imú.

"Ìyàwó, kí ló ṣe ẹnu ẹ?"

"Màámi, mi ò mọ̀ o. Ó kàn ń ṣẹ̀jẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ di rannto. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ wòlíì lọ, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ààfáà bọ̀. Owó tó tó wọkọ̀ lọ Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹ́rin ti bá àbẹ́là àti tírà lọ, ẹnu ò sàn. Ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá ọkọ ẹ̀ tìfura-tìfura, nítorí wọ́n ti ní ẹni tó ń ṣe é kò jìnnà sílé.

Àpẹẹrẹ lásán ni obìnrin yìí o, ẹ má ṣe fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí irú ẹ̀ ò sí, láti Èsìẹ́ títí dé Èkó. Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé àìsàn náà kì í ṣe àdììtú. Àwọn dókítà mọ orírun ẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tó ń dé, wọ́n mọ ìgbà tó ń lọ, wọ́n sì mọ ohun tó ń lé e lọ.

Èrìgì ni ẹran pupa tó di eyín mú nídìí. Bó bá dáa, kò gbọdọ̀ ṣẹ̀jẹ̀, yálà búrọ́ọ̀ṣì ló kàn án ni o, tàbí pákò. Ẹni tí èrìgì ẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ohun kan ló ń bá ibẹ̀ jà. Èwo wá ló ń bá ti aboyún jà ju ti ẹlòmíràn lọ?

Nínú ara obìnrin, àwọn ìránṣẹ́ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, tí wọ́n ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan dé òmíràn. Họ́mónù ni wọ́n ń pè wọ́n. Méjì tó gbajúmọ̀ jù lára obìnrin ni estrogen àti progesterone. Àwọn ló ń sọ ọmọdébìnrin di ọmọge, àwọn ló wà nídìí nǹkan oṣù, àwọn náà ló ń di oyún mú kó má bàa wálẹ̀. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ibi ọmọ á gba iṣẹ́ pípèsè wọn ṣe, á sì máa tú wọn jáde bí omi ẹ̀rọ tó ya. Nígbà tí oyún bá fi máa gbó, progesterone inú ẹ̀jẹ̀ á ti tó nǹkan bí ìlọ́po 10 èyí tó pọ̀ jù tí obìnrin ń ní nígbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, ti estrogen á sì ti tó bí ìlọ́po 30.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé ọmọ àti ọmú nìkan ni àwọn ìránṣẹ́ yìí ń yà sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrìgì náà ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún wọn. Bí wọ́n bá ti wọbẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀ á fẹ̀, omi á máa jò láti inú wọn sínú ẹran, èrìgì á rọ̀, á wú, á pọ́n. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa gbéjà ko kòkòrò náà ò ní ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìfọwọ́kàn díẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ ti dé.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Họ́mónù nìkan kò lè dá a ṣe. Ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín lójoojúmọ́, kòkòrò tí ojú ò lè rí ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ìdọ̀tí yìí ni ẹyin iná, họ́mónù ni abẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ààrò tí kò sí ẹyin iná nínú ẹ̀, eérú lásán ló ń fẹ́. Aboyún tó bá ń fọ ẹnu dáadáa, họ́mónù ẹ̀ pọ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó máa fẹ́ di iná ńlá.

Kì í ṣe àbá lásán. Lọ́dún 1965, Harald Löe, dókítà eyín ọmọ ilẹ̀ Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó èèyàn 12 tí ẹnu wọn mọ́ jọ nílùú Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark, wọ́n ní kí wọ́n má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ló wú pátá, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọ́, bí ọ̀sẹ̀ kan ni nǹkan fi bọ̀ sípò. Kò sí ajẹ́ níbẹ̀, kò sí oṣó níbẹ̀. Ìdọ̀tí ló dé, ìdọ̀tí ló lọ.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1963, Löe yìí kan náà àti John Silness ti yẹ ẹnu àwọn aboyún wò. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí oṣù kejì oyún ni èrìgì ti ń wú, pé oṣù kẹjọ ló máa ń le jù, pé bí wọ́n bá bímọ tán, ó máa ń rọlẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí họ́mónù ṣe ń gun òkè ló ń gun òkè, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Kenneth Kornman àti Walter Loesche ní Amẹ́ríkà tún tú àṣírí kan sí i. Wọ́n ní àwọn kòkòrò kan tó ń gbé ìdí eyín máa ń pọ̀ sí i nígbà oyún, nítorí wọ́n lè fi họ́mónù obìnrin ṣe oúnjẹ dípò fítámì K tí wọ́n ń wá kiri. Prevotella intermedia ni wọ́n ń pe olórí wọn báyìí. Àṣé oúnjẹ tí ara ń sè fún ọmọ, àlejò tí wọn ò pè ti jókòó tì í.

Ẹ má sì rò pé èèyàn díẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, ìyẹn CDC, sọ pé nínú aboyún 100, bí 60 sí 75 ni èrìgì wọn ń wú. Bó bá jẹ́ pé ayé ló ń ṣe gbogbo wọn, a jẹ́ pé ayé ò níṣẹ́ méjì mọ́ nìyẹn.

Ìgbésí ayé oyún fúnra ẹ̀ tún ń dá kún un. Inú ń ru sókè láàárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò sì ṣe é kì bọ ẹnu kí èébì má tẹ̀ lé e. Ebi ń pa á léraléra, ló bá ń mu gààrí onísúgà lọ́sàn-án, ó ń jẹ bisikíìtì lóru, ó sì padà sùn láìyọ ẹnu. Omi kíkan inú èébì ń ba ara eyín jẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó ní òun á fọ ẹnu láàárọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ìdọ̀tí tí búrọ́ọ̀ṣì ìbá gbá lọ lónìí, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó máa le bí òkúta mọ́ ìdí eyín, irin dókítà nìkan ló sì máa lè há a kúrò.

Nínú aboyún 100, ó ń ṣẹlẹ̀ sí bíi márùn-ún pé kí kókó kan yọ láàárín eyín méjì, lókè níwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa pupa, á máa dán, á máa ṣẹ̀jẹ̀ fún nǹkan tí kò tó nǹkan. Èyí ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Ẹni tó bá rí i á ní jẹjẹrẹ ti dé. Irú kókó aboyún yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Ìbínú èrìgì náà ló pọ̀ lápọ̀jù. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń sún kì lẹ́yìn tí ìyá bá bímọ. Bó bá ń dí oúnjẹ lọ́wọ́ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò dá, dókítà lè gé e kúrò kí ọjọ́ ìbí tó pé. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ wò ó kó sọ pé òun nìyẹn. Ẹ má fi òwú so ó nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e lẹ́yìnkùlé.

Kì í ṣe aboyún nìkan ni àwọn họ́mónù yìí ń ṣe báyìí sí. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, tí ọmú ẹ̀ ń yọ, èrìgì ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ lójijì, ìyá ẹ̀ á sì máa pariwo pé ọ̀lẹ ni, kì í fọ ẹnu. Ó ṣeé ṣe kó máa fọ ọ́ bó ṣe ń fọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ara ẹ̀ ló yí padà, ìwọ̀n ìfọ̀ tó tó tẹ́lẹ̀ ò tó mọ́. Àwọn obìnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé bí nǹkan oṣù wọn bá ti kù díẹ̀ kó dé ni èrìgì á máa dùn wọ́n, bó bá ti dé tán, ó ti lọ nìyẹn.

Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ńkọ́? Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láyé ọjọ́un, láwọn ọdún 1960, họ́mónù inú wọn pọ̀ gan-an, wọ́n sì máa ń mú èrìgì wú. Èyí tí wọ́n ń lò lóde òní, họ́mónù inú ẹ̀ ti kéré púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ipá tó ń ní lórí èrìgì ò tó nǹkan. Nítorí náà, kí obìnrin kankan má tìtorí ẹnu da oògùn tó ń lò nù, kó má lọ lóyún tí kò múra sílẹ̀ fún. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì, kó sì tún ọwọ́ ìfọnu ẹ̀ ṣe.

Àwọn ìyá àgbà náà ní tiwọn. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, estrogen á lọ sílẹ̀, ẹnu àwọn kan á wá máa gbẹ, oúnjẹ ò ní dùn mọ́, ahọ́n á máa ta wọ́n bí ẹni jẹ ata rodo. Itọ́ tó ń fọ eyín lọ́sàn-án lóru ti dínkù, kòkòrò ti rí àyè. Egungun ara náà ń fúyẹ́, títí kan egungun àgbọ̀n tó di eyín mú. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá tún bá ara ẹ̀ jà, ọ̀rọ̀ di méjì, nítorí ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ ń jẹ́ kí èrìgì tètè bàjẹ́, èrìgì tó bàjẹ́ náà sì ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòro kápá. Ìyá tí ẹnu ẹ̀ ń gbẹ kì í ṣe ẹni tó ń ṣe àròyé, kí àwọn ọmọ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀? Ti àwọn kan, bí wọ́n bá bímọ tán, á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí ìdí eyín wọn ti ń jẹ kí wọ́n tó lóyún, oyún á tẹ̀ ẹ́ síwájú ni. Kòkòrò á wọlẹ̀ lọ bá egungun, egungun á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ọyún á máa sun, eyín á máa mì. Egungun tó bá ti jẹ lọ kì í sábà hù padà fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú eyín kan lọ. Ọmọ ò mú eyín ẹnikẹ́ni lọ o. Inú oúnjẹ tí ìyá ń jẹ ni kálísíọ̀mù tí ọmọ fi ń kọ́ egungun ti ń wá, bíyẹn ò bá tó, egungun ìyá ló ń yá a lò, kì í ṣe eyín. Èyí tó mú eyín ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ lọ ni èrìgì tó wú nínú oyún àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú, tó tún wú nínú ìkejì, nínú ìkẹta.

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú wá ńkọ́? Lọ́dún 1996, Steven Offenbacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé àwọn ìyá tí ìdí eyín wọn bàjẹ́ gan-an ló pọ̀ jù láàárín àwọn tó bí ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé tàbí tí kò tóbi tó. Ariwo ta. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti tọ́jú ẹnu aboyún, ọmọ á máa pé oṣù. Lọ́dún 2006, Bryan Michalowicz àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pín aboyún 823 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n tọ́jú ẹnu àwọn kan kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 21, wọ́n sì tọ́jú ti àwọn yòókù lẹ́yìn ìbí. Iye àwọn tó bí láìpé oṣù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ohun méjì dájú níbẹ̀: èrìgì àwọn tí wọ́n tọ́jú sàn, ìtọ́jú náà ò sì pa ìyá tàbí ọmọ lára. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọmọ àìpé oṣù dẹ́rù ba aboyún kó lè rí oògùn ìfọyín tà, ẹ má dá a lóhùn. Bí ẹlòmíràn bá sì ní kí aboyún má dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín rárá, kóyún má bàa bàjẹ́, irọ́ lòun náà ń pa.

Dókítà eyín lè fọ ìdí eyín aboyún, ó lè dí eyín tó lu, ó lè yọ èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹnu lára kú kò léwu bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ. Bí fọ́tò eyín bá di dandan, wọ́n á da aṣọ ìdáàbòbò bo ikùn. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù, nítorí èébì ti lọ, ikùn ò sì tíì wúwo jù láti fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga. Ṣùgbọ́n eyín tó ń dunni gan-an tàbí tó ń wú kì í dúró de oṣù kankan, ẹ gbé e lọ lójọ́ náà.

Ohun tó léwu ni àwọn nǹkan tí wọ́n ń gbé fún èèyàn lábẹ́lé. Omi bátìrì ń jó ẹran ẹnu. Kẹrosíìnì ń jó o. Ògógóró tí wọ́n ní kó gbé sẹ́nu, ọ̀fun ló ń gbà lọ bá ọmọ. Áṣáà tí àwọn ìyá kan ń fi sábẹ́ ètè, tábà ni, tábà sì jẹ́ ọ̀tá èrìgì, ó tún jẹ́ ọ̀tá oyún. Ẹ má ra tetracycline lọ́wọ́ oníṣẹ́ oògùn orí ọpọ́n fún aboyún, nítorí ó ń ba àwọ̀ eyín ọmọ tó wà níkùn jẹ́ kí ọmọ náà tó dáyé. Ibuprofen náà kì í ṣe ohun tí aboyún ń dá lò láìbi dókítà, pàápàá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20.

Kí ló wá yẹ kó ṣe? Nǹkan tí kò gbówó lórí ni. Kó fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti kó tó sùn, kó lo bí ìṣẹ́jú méjì, kó lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni kó rọra fọ̀ jù, kó má sá fún un. Bó bá sá fún un, ìdọ̀tí ló ń bá tọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rí láàárọ̀ ò tó ohun tó ń tán ẹ̀jẹ̀ ara. Bí ìdọ̀tí bá ti kúrò fún ọjọ́ mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kó fọ ahọ́n, kó sì fa okùn ìfọyín láàárín eyín bó bá rí i rà. Bó bá bì, kó kọ́kọ́ fi omi tí wọ́n po ṣíbí kékeré sóòdà ìyan búrẹ́dì kan mọ́ yọ ẹnu, kó ní sùúrù bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara tu èrìgì, ṣùgbọ́n kò lè dípò búrọ́ọ̀ṣì.

Pákò ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jù ú nù. Orin àtà tó ń ta lẹ́nu àti orin ìjẹ̀bú ti ṣiṣẹ́ fún àwọn baba wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, á jẹ orí ẹ̀ títí á fi rọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, á fi fọ iwájú, á fi fọ ẹ̀yìn eyín, á dé inú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kàn ń fi gún iwájú níbi tó ti ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, èrìgì ló ń ṣe léṣe. Àwọn Mùsùlùmí tó ń yọ ẹnu nígbà aluwàlá lẹ́ẹ̀máàrún lójúmọ́ ti ní àṣà tó dáa lọ́wọ́, kí wọ́n kàn fi ìfọ̀ tòótọ́ ti àárọ̀ àti alẹ́ kún un.

Nínú oúnjẹ, Ìgbómìnà ò tálákà. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri ní Kwara ní kálísíọ̀mù, ẹ̀wà wà, ẹja wà, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre wà, ọsàn wà nígbà ọsàn. Ṣúgà inú gààrí àti mínírà ni kó dínkù. Bí ebi bá pa á láàárín ọjọ́, kó jẹ ẹ̀pà, kó fi omi yọ ẹnu.

Ní Èsìẹ́, àwọn ère òkúta tó lé ní 800 jókòó sínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀ láìsọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Òkúta ni wọ́n, kò burú. Obìnrin ẹlẹ́ran-ara tó bá ń ṣe bíi tiwọn, tó jókòó tí kò sọ ohun tó ń ṣe é, ara ẹ̀ ló ń fi jìyà. Lọ́jọ́ tí aboyún bá lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán tàbí ibikíbi, bí wọ́n bá wọn ìfúnpá tí wọ́n sì wọn ikùn tán, kó la ẹnu, kó sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, èrìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀." Gbólóhùn kan yẹn lè gba eyín là. Kó béèrè ibi tí dókítà eyín wà nítòsí. Bí kò bá sí, ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo já sí Ìlọrin, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin sì ní ẹ̀ka eyín. Ẹni tó bá ní káàdì ìlera adójútòfò, kó béèrè ohun tó bò nínú ìtọ́jú eyín.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n fi sùn mọ́jú: ojú tó wú pẹ̀lú ibà, abẹ́ àgbọ̀n tó le gan-an, itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, ẹnu tí kò ṣeé là, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú tí kò dá. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá lẹ́yìn ìbí tí èrìgì ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, oyún kọ́ mọ́, kó lọ ṣàyẹ̀wò.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìyàwó tí ẹnu ẹ̀ ń rùn nínú oyún kì í ṣe ọ̀bùn, ọmọ yín ló gbé sínú tí ara ẹ̀ fi yí padà. Dípò kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí i lórí ibùsùn, ẹ fún un lówó ọkọ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu nílé. Bẹ́ ẹ bá ní, "Ìyàwó, lọ fi ẹnu ẹ han dókítà," kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tó ń gbàdúrà fún wọn, ẹ máa gbà á lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́ bẹ́ ẹ bá ti ṣe àmín.